Hanon tàbí Cortot: Èwo Ni Kí N Rà fún Ìka Tí Kò Lágbára?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Èmi ni mò ń tẹ dùùrù nínú ìjọ wa, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ píánò gan-an báyìí. Olùkọ́ mi ní kí n ra ìwé ìdánrawò Hanon kí ìka òrùka mi lè lágbára. Ọ̀rẹ́ mi ní ti Cortot ló dáa jù, nítorí pé ògbóǹtarìgì atẹpíánò ni Cortot fúnra rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni mo máa ń rí láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Èwo ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ra ìkankan. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ọwọ́ lé orí tábìlì, kí ẹ ká ìka àárín sábẹ́, kí ẹ wá gbìyànjú láti gbé ìka òrùka nìkan sókè. Agbára káká ni yóò fi mira. Kì í ṣe pé ìka yín ya ọ̀lẹ. Lẹ́yìn ọwọ́ wa, iṣan tó ń gbé ìka yẹn sókè so mọ́ ti àwọn ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn, kò sì sí ìwé tó lè tú u. Ohun tí ẹ ní láti kọ́ ni bí ọrùn ọwọ́ àti apá yóò ṣe máa ràn án lọ́wọ́.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti yapa. Charles-Louis Hanon, ará Faransé, gbé ìdánrawò 60 jáde ní 1873. Ó fẹ́ kí ìka máràrùn-ún dọ́gba, ó ní kí a máa gbé ìka sókè dáadáa, ó sì ní a lè tẹ gbogbo ìwé náà tán láàárín wákàtí kan. Ẹ̀yin kò ní wákàtí kan. Yàtọ̀ síyẹn, key funfun nìkan ni ogún ìdánrawò àkọ́kọ́ wà fún, ohun kan náà ni ọwọ́ sì ń ṣe lọ ṣe bọ̀. Ọwọ́ á máa ṣiṣẹ́, etí á ti sùn lọ.

Chopin, ará Poland tó kọ ọ̀pọ̀ orin píánò, kò gbà pé ó yẹ kí ìka dọ́gba. Lójú tirẹ̀, bí a ṣe dá ìka kọ̀ọ̀kan ni ohùn rẹ̀ ṣe rí, ẹwà orin sì wà nínú ìyàtọ̀ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ ìwé kan lórí bí a ṣe ń tẹ píánò, kò parí rẹ̀ kó tó kú ní 1849. Cortot ló wá ra ìwé àfọwọ́kọ náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wo ibi tí Chopin ní kí a gbé ọwọ́ ọ̀tún sí: E, F♯, G♯, A♯, B. Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín wà lórí funfun, àwọn ìka mẹ́ta tó gùn wà lórí dúdú. Ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ ó rí i pé ọwọ́ balẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sí ìka tó ń ká kókó. Scale B major, ìyẹn àwọn ohùn B major tí a ń tẹ̀ ní títẹ̀léra, ló fi ń bẹ̀rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. C major, tí gbogbo wa fi ń bẹ̀rẹ̀, ló máa ń fi sẹ́yìn, torí pé òun ló le jù. Èmi náà fara mọ́ ọn tọkàntọkàn.

Ìwé Alfred Cortot jáde ní Paris ní 1928. Orí márùn-ún ló ní, ìṣòro kọ̀ọ̀kan ló sì fi pín in: ìdáǹdúró ìka, bí àtàǹpàkò ṣe ń gba abẹ́ ọwọ́ kọjá, ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìfẹ̀ ọwọ́, àti ọrùn ọwọ́. Bí àpótí oògùn ni kí ẹ ṣe lò ó, èyí tó bá àìsàn mu nìkan ni kí ẹ mú. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó wúlò jù fún yín kò tilẹ̀ béèrè owó: ẹ má kàn máa tẹ ibi tó le ní àtẹ̀túntẹ̀, ẹ yọ ohun tó mú un le sọ́tọ̀, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká mú orin ìjọ kan tí àtàǹpàkò ọ̀tún ti di ohùn alto mú, tí ìka òrùka àti ọmọńdinrín ń tẹ soprano. Ẹ di àtàǹpàkò mú, ẹ tẹ ohùn òkè méjèèjì yẹn nìkan, díẹ̀díẹ̀, kí ọrùn ọwọ́ rọra tẹ̀ sí ìhà ọmọńdinrín. Lẹ́yìn náà, ẹ sún gbogbo rẹ̀ sókè lọ sí key orin tó tẹ̀ lé e, bíi láti C lọ sí D♭. Ìdánrawò yín nìyẹn.

Ẹ má bá olùkọ́ yín jà o. Ọ̀fẹ́ ni Hanon lórí IMSLP, ìkànnì ìwé orin orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bi wọ́n pé nọ́ńbà wo ni kí ẹ mú, kí ló sì wà fún. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún un, láìgbé ìka sókè jù. Ẹ lo mẹ́wàá fún scale B major àti ohun tí ẹ yọ nínú orin, kí ẹ fi ìyókù tẹ orin fúnra rẹ̀. Cortot lè dúró di ìgbà tí ẹ bá ti mọ ibi tó ń dà yín láàmú.

Bí ọwọ́ bá ń ro yín, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Robert Schumann, ará Jámánì tó ń kọ orin, lo ẹ̀rọ kan láti fi tọ́ ìka, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì bàjẹ́ ní nǹkan bí 1832, tí kò fi lè di atẹpíánò orí ìtàgé mọ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á gan-an. Bí ìrora náà bá di ọjọ́ kejì, dókítà ni kí ẹ lọ rí.