Bẹ́ẹ̀dì Tó Ń Wọ Inú Ògiri: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lóṣù yìí dá lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kọ́ mọ́ ilé, irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú fúláàtì àti ilé kéékèèké tí wọ́n kọ́ ní Amẹ́ríkà láàárín 1900 sí 1930. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Fúláàtì tí a kó wọ̀ ní Chicago ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà ní pálọ̀ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ, ó tún ní fèrèsé nínú. Irin pẹlẹbẹ kan tó ní ihò láàárín wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀dì ló ń wọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ò rí bí bẹ́ẹ̀dì ṣe máa gba ibẹ̀.

Ìdáhùn: Ọkọ yín jàre, mà. Òòró ni bẹ́ẹ̀dì náà ń wọlé. Ihò inú irin yẹn ni ìdí òpó tí bẹ́ẹ̀dì ń yí lé. Ẹ gbójú sókè, ẹ máa rí irin kejì, tàbí ojú síkúrúù tí wọ́n ti fi ọ̀dà bò, lára férémù ní ọ̀gangan rẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á gbé ibi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè títí yóò fi nàró, wọ́n á sì yí i wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù lórí òpó yẹn. Fèrèsé wà kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí fóòmù àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì, àti torí pé ibẹ̀ náà lèèyàn ti ń múra. Ẹ tún wo pákó ilẹ̀ iwájú rẹ̀ dáadáa: bí wọn ò bá tíì fá a, ẹ máa rí ìlà tó tẹ̀ bí ọrun níbi tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ti ń ha ilẹ̀.

Ẹ má yọ irin yẹn o, kódà bí bẹ́ẹ̀dì ò bá sí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá a padà lọ́jọ́ iwájú, ibẹ̀ ló máa ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n.

Irú kejì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbójú fò. Bí ilẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tàbí yàrá kan bá ga ju ti pálọ̀ lọ, tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn kan tàbí méjì lẹ máa gùn kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ yẹ ìdí ògiri pálọ̀ wò. Pákó tó gùn tó sì kúrú lóòró, tó ní ìfàlọ́wọ́ méjì, kì í ṣe dúrọ́ọ̀ àwo. Bẹ́ẹ̀dì lórí táyà kéékèèké ló ń ti ibẹ̀ jáde, abẹ́ ilẹ̀ tó ga yẹn ló sì ń sùn lọ́sàn-án.

Ìbéèrè: Bẹ́ẹ̀dì ilé wa ṣì wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó máa ń já lọ́wọ́ ẹni gbàà. Ó tún ń dún. Ṣé sípíríǹgì nìkan la máa pààrọ̀ ni?

Ìdáhùn: Ó ṣe é ṣe, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí. Sípíríǹgì ló ń bá yín gbé bẹ́ẹ̀dì, iye rẹ̀ àti líle rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n fóòmù mu. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀dì dé ìdajì, kí ẹ̀yin méjì fọwọ́ lé e. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró fúnra rẹ̀, kò sí wàhálà. Tó bá ń rọ̀ wálẹ̀ tagbáratagbára, sípíríǹgì ti rẹ̀ tàbí fóòmù ti wúwo jù. Tó bá ń fà padà sókè, fóòmù ló fúyẹ́ jù. Ẹni tó ra fóòmù tuntun láìpẹ́ kò gbọ́dọ̀ tètè dá sípíríǹgì lẹ́bi.

Ohun kan tó ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn léṣe: ẹ má ṣe gbé fóòmù kúrò nígbà tí bẹ́ẹ̀dì wà nílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni sípíríǹgì nà jù. Tí ìwọ̀n fóòmù bá kúrò lórí rẹ̀, férémù irin yẹn á fò sókè, ẹnu ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀ ló sì máa bá.

Bẹ́ẹ̀dì tó nàró la ti ń yọ sípíríǹgì, torí ibẹ̀ ló ti dẹ̀ jù. Ẹ fi pákó líle kan dábùú ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì fi okùn so férémù mọ́ ọn, nítorí bí sípíríǹgì bá ti kúrò, kò sóhun tó ń di bẹ́ẹ̀dì mú mọ́. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ihò tí ìkọ́ kọ̀ọ̀kan wà, torí ihò méjì tó tẹ̀ léra lè yí ipá rẹ̀ padà. Bí ìkọ́ kan bá ṣì le koko nígbà tí bẹ́ẹ̀dì nàró tán, ẹ má fi irin yọ ọ́ tipátipá. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀.

Tí sípíríǹgì bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e síwájú gílóòbù tó ń tàn. Sípíríǹgì tó ṣì dára máa ń pa mọ́ra pátápátá nígbà tí kò gbé nǹkan kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba àárín ìyípo rẹ̀ kọjá, ó ti nà kọjá ààlà. Ẹ wo ìkọ́ náà níbi tó ti tẹ̀: ibẹ̀ ló máa ń kán. Tó bá ní ojú ọgbẹ́ tàbí ìpẹtà tó ti jẹ wọnú, ẹ sọ ọ́ nù.

Ìwọ̀n mẹ́rin lẹ máa mú lọ bá ẹni tó ń ṣe sípíríǹgì: gígùn láti ìkọ́ sí ìkọ́, fífẹ̀ ìyípo láti ìta, iye ìyípo, àti bí wáyà ṣe nípọn. Ti wáyà yìí ni kí ẹ mú lójú jù. Ẹ wọn ìyípo mẹ́wàá tó pa mọ́ra, kí ẹ pín in sí mẹ́wàá. Wáyà tó bá fi 10% nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ yóò le tó 46% jù ú lọ, bí nǹkan yòókù bá dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ò lè rí ìyàtọ̀ yẹn. Gbogbo rẹ̀ lẹ ó pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún un tàbí yọ nínú rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ férémù á wọ́. Ẹ fi okùn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan kọjá, kí ẹ so ó lórí àti nídìí, kó má bàa fò bó bá já.

Ní ti ariwo, ibi tí irin ti ń yí lórí irin ni kí ẹ wò. Gírísì díẹ̀ tó. Ẹ má fi òróró ìsebẹ̀ sí i: ó máa ń dì, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ihò náà bá ti jẹ tó fi ń mì, gírísì ò ní ràn án, wáṣà tuntun ló ń fẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi fóòmù “queen” sí i?

Ìdáhùn: Rárá. 60 × 80 ínṣì ni “queen”. Èyí tó pọ̀ jù nínú férémù àtijọ́ jẹ́ ti “double”, 54 × 75, àwọn mìíràn tilẹ̀ kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wọn inú férémù fúnra yín. Lẹ́yìn náà, kí bẹ́ẹ̀dì nàró, kí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí ẹ wọn àyè tó wà láti orí nẹ́ẹ̀tì wáyà tí fóòmù ń wà lórí rẹ̀ dé ohun àkọ́kọ́ tó máa kàn. Ẹ yọ ínṣì kan kúrò. Èyí tó kù ni fóòmù àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì jọ máa pín. Fóòmù rírọ̀ tí kò ní ìpele líle nísàlẹ̀ máa ń rọ̀ sí ìdí bó bá nàró lójoojúmọ́, ẹ yẹra fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ́ pílíwúùdù sábẹ́ rẹ̀ nítorí pé nẹ́ẹ̀tì ti rọ̀. Pílíwúùdù oní-ìdajì ínṣì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀dì yìí á fi nǹkan bí 35 sí 42 páùn kún ẹrù tí sípíríǹgì ń gbé. Ìkọ́ etí nẹ́ẹ̀tì ló máa ń ṣí. Èyí ṣeé pààrọ̀.

Ìbéèrè: Irin pélébé kan wà lára bẹ́ẹ̀dì wa tí wọ́n kọ “Pat.” sí pẹ̀lú ọjọ́, kò sí nọ́ńbà. Ṣé Murphy, ẹni táwọn èèyàn mọ̀ mọ́ irú bẹ́ẹ̀dì yìí, ló ṣe é ni?

Ìdáhùn: Ọjọ́ yẹn kò sọ ẹni tó ṣe é, ṣùgbọ́n ó sọ nǹkan kan. Títí di 1927, ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ ìmújáde (“patent”, ìyẹn “Pat.” ara irin yín, ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan) ni òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n tẹ̀ sára ọjà. Lẹ́yìn náà ló di nọ́ńbà. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí tiyín ti wà ṣáájú 1927. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà lẹ rí, ẹ rántí pé August 1911 ni nọ́ńbà ẹ̀tọ́ náà pé mílíọ̀nù kan, kí ẹ lè fojú díwọ̀n ìgbà tí wọ́n gba tiyín.

William Lawrence Murphy ti San Francisco ló sọ bẹ́ẹ̀dì inú ilẹ̀kùn di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, àmọ́ òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kíká. Sarah E. Goode, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ní ṣọ́ọ̀bù àga ní Chicago, ti gba ẹ̀tọ́ nọ́ńbà 322,177 ní July 14, 1885, fún bẹ́ẹ̀dì tó ń ká di tábìlì ìkọ̀wé. Lọ́dún 1989, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ ní New York ní orúkọ “Murphy bed” ti di ti gbogbo ayé, nítorí náà ẹni tó bá ń ta ọjà fún yín lórúkọ yìí kò tíì sọ ẹni tó ṣe é.

Ìbéèrè: Wọ́n ti yọ tiwa. A fẹ́ gbé tuntun tó ní àpótí ti ògiri, ògiri náà sì jẹ́ pílásítà lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣé á gbé e?

Ìdáhùn: Pílásítà ò ní gbé e, òpó pákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa gbé e. Ínṣì 16 ló sábà máa ń wà láti àárín òpó kan dé àárín èkejì, ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn tán an nínú ilé àtijọ́. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì líle wá ìṣó: ibi tí ìṣó bá ti tò lóòró, òpó ló wà níbẹ̀. Pílásítà àti pákó tẹ́ẹ́rẹ́ jọ máa ń nípọn tó ínṣì kan, nítorí náà síkúrúù ínṣì mẹ́ta àbọ̀ ló máa wọ inú òpó tó ínṣì méjì, lẹ́yìn tí ó bá gba ẹ̀yìn àpótí kọjá. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò, kí pílásítà má fọ́. Àwọn ìdákọ̀ oníke inú páálí síkúrúù, ẹ fi gbé fọ́tò kọ́.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fá ọ̀dà tó wà lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà?

Ìdáhùn: Bí wọ́n bá kọ́ ilé yín ṣáájú 1978, ẹ gbà pé òjé, tó jẹ́ májèlé, wà nínú ọ̀dà náà títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò sí. Ẹ má fi sáńdípépà gbígbẹ fá a, ẹ má fi iná jó o. Kí ọmọdé àti aláboyún kúrò nílé nígbà iṣẹ́. Bí ẹ bá gba òṣìṣẹ́, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí EPA (àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà) lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn náà bá ń ha férémù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ tún híńjì ṣe ná, torí eruku ibẹ̀ ló ń bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí bẹ́ẹ̀dì wa fi ń rùn?

Ìdáhùn: Ẹ ń tètè ká a. Òógùn òru ṣì wà nínú fóòmù nígbà tí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀ fún bíi wákàtí kan kí ẹ tó gbé e sókè, bí fèrèsé kọ́bọ́ọ̀dù bá sì ti kàn pa, ẹ ṣí i.