Kí pépà yín tó dé ọwọ́ olùyẹ̀wò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bó ṣe yé mi, jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde) dá pépà ìwádìí yín padà láìjẹ́ pé olùyẹ̀wò kankan, ìyẹn onímọ̀ tí wọ́n ń gbé pépà fún kó yẹ̀ ẹ́ wò, rí i, wọ́n ní kò bá ìlànà àwọn mu, ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ pààrọ̀ fọ́ńtì kẹ́ ẹ sì tún un fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́ńtì sílẹ̀ ná. Láàárín àwa tá a jọ ń ṣe ìwádìí, èmi ni wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ fáìlì lé lọ́wọ́ bí iṣẹ́ bá parí, ojú mi sì ti rí màbo nídìí ẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ jọ́nà, olóòtú kọ́ ló kọ́kọ́ ń ṣí fáìlì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti olùyẹ̀wò. Òṣìṣẹ́ kan ló máa gbé ìwé ìlànà sápá kan, tó máa gbé pépà yín sápá kejì, tó sì máa fi ọ̀kan wé èkejì. Onítọ̀hún lè má mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ka ìmọ̀ yín, kò sì ní ka ìjíròrò tẹ́ ẹ fi oorun yín kọ. Ohun tó ń wá ni pé ṣé àṣamọ̀ (abstract) ò kọjá iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní, ṣé àwòrán ríran, ṣé orúkọ yín ò yọjú níbi tí kò yẹ, ṣé gbogbo gbólóhùn tí wọ́n béèrè ló wà níbẹ̀. Òun lẹ ń ṣe gbogbo ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí fún.

Torí náà, jọ́nà lẹ máa kọ́kọ́ mú. Ẹni tó bá ń to pépà kó tó mú jọ́nà ń rán aṣọ láìtíì wọn ara ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá ti mú un, ẹ ka Guide for Authors wọn, ìyẹn ìwé ìlànà fún òǹkọ̀wé, pẹ̀lú pépà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé apá tó kan irú pépà yín gan-an lẹ̀ ń kà: ìlànà pépà ìwádìí tuntun yàtọ̀ sí ti àgbéyẹ̀wò, ti ìjábọ̀ kúkúrú tún yàtọ̀. Àwọn kan máa ń mú pépà tí jọ́nà náà ti tẹ̀ jáde, wọ́n á sì ṣe tiwọn bí i tiẹ̀, pẹ̀lú òpó ọ̀rọ̀ méjì lójú ìwé kan. Iṣẹ́ atẹ̀wé nìyẹn, kì í ṣe tiyín. Òpó kan péré, Times New Roman 12, àlàfo ìlà méjì, nọ́ńbà ojú ìwé, ìyẹn ti tó ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí wọ́n bá béèrè nọ́ńbà ìlà, inú Layout ló wà nínú Word, ẹ tẹ Line Numbers, kẹ́ ẹ mú Continuous kó má baà máa bẹ̀rẹ̀ láti 1 lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Àwọn jọ́nà mìíràn ò tiẹ̀ bìkítà nípa ìtò nígbà àkọ́kọ́. Elsevier, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà jáde, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Your Paper Your Way fún un. Bó bá jẹ́ irú wọn lẹ mú, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kan ṣòfò lórí àmì ìdánudúró inú ìtọ́kasí.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ló ń pa àwọn èèyàn jù. Mo ti gba gíráàfù rí tí wọ́n yà nínú R (sọ́fúwíà ìṣirò), tí wọ́n lẹ̀ mọ́ Word, tí ẹlòmíì kó lọ sínú PowerPoint, tí ẹnìkẹta wá ya fọ́tò ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ mi, àwọn nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ gíráàfù ti di èérí dúdú. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ń béèrè 300 dpi (iye àmì tíntìntín inú íǹṣì kan) fún fọ́tò, wọ́n sì ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà míì títí dé 1000, fún gíráàfù onílà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀: àwòrán tó máa fẹ̀ tó 8.5 cm lórí bébà ní 300 dpi nílò nǹkan bí 1,000 pixel, ìyẹn àmì tíntìntín yẹn, ní fífẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ 400, ẹ lè lọ yí dpi padà sí 300 nínú sọ́fúwíà, nọ́ńbà á yí padà lóòótọ́, àmọ́ àwòrán náà ò ní mọ́ sí i. Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti yà á ni. Nínú R, àṣẹ ggsave pẹ̀lú dpi = 300 ti parí ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kúkú fi PDF tàbí EPS pa á mọ́ kí ìlà máa mọ́ bó ti wù kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ tó. Ẹ má gba Word gẹ́gẹ́ bí ibi ìpamọ́ àwòrán, torí ó máa ń fún un pọ̀ láìsọ fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀ pupa àti ewé lórí gíráàfù kan náà: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ojú wọn kì í mọ àwọ̀ yà ò ní rí ìyàtọ̀ wọn. Ní ti àtẹ, ẹ má ya fọ́tò ẹ̀. Wọ́n fẹ́ èyí tí wọ́n lè tẹ nǹkan sí.

Bí jọ́nà yín bá jẹ́ èyí tí olùyẹ̀wò kò gbọdọ̀ mọ òǹkọ̀wé, yíyọ orúkọ kúrò lókè pépà ò tó. Ẹ lọ sí File, Info, Check for Issues, kẹ́ ẹ tẹ Inspect Document, ẹ máa rí i pé orúkọ yín ṣì wà nínú fáìlì. Àwọn kọ́mẹ́ǹtì tí ọ̀gá yín kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé ńkọ́? Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yín tó wà nínú gbólóhùn àṣẹ ìwádìí? Orúkọ fáìlì fúnra ẹ̀? Bẹ́ ẹ bá sì tọ́ka sí iṣẹ́ yín àtẹ̀yìnwá, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Ẹ kọ ọ́ bíi pé ẹlòmíì ló ṣe é, kí “bí a ti fi hàn tẹ́lẹ̀” kúrò níbẹ̀.

Ìtọ́kasí, ẹ lo Zotero, sọ́fúwíà tó ń to ìtọ́kasí, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ bá kó sínú ẹ̀ náà ló máa kó jáde: àkọlé tó jẹ́ lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀, orúkọ jọ́nà tó sọnù. Inú Zotero ni kẹ́ ẹ ti tún un ṣe, torí èyí tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tún ṣe nínú Word á padà sí bó ṣe wà nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ Refresh. Zotero tún máa ń kìlọ̀ fún yín bí pépà tẹ́ ẹ tọ́ka sí bá ti di èyí tí wọ́n fà sẹ́yìn. Bó bá sì jẹ́ pé AI ló bá yín wá àwọn ìwé kan, ẹ gbé DOI wọn (nọ́ńbà ìdánimọ̀ pépà) lọ́kọ̀ọ̀kan sórí doi.org, torí ó máa ń hùmọ̀ pépà tí kò sí láyé.

Ẹ ṣe gbólóhùn owó ìrànwọ́, ti àǹfààní tó lè tako ara wọn (conflict of interest), ti ibi tí dátà wà àti ti ipa tí òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan kó sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ gba nọ́ńbà ORCID olónọ́ńbà 16 (nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí) lọ́wọ́ àwọn tẹ́ ẹ jọ kọ ọ́, kí gbogbo wọn sì ti fọwọ́ sí i bí orúkọ ṣe tẹ̀ léra. Níbi tẹ́ ẹ bá kọ p = 0.000 sí nínú àbájáde ìṣirò yín, ẹ sọ ọ́ di p < 0.001.

Bẹ́ ẹ bá kó fáìlì sórí Editorial Manager (ìkànnì tí ọ̀pọ̀ jọ́nà fi ń gba pépà), ẹ ò tíì fi ránṣẹ́. Ó máa kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sí PDF kan, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ ṣí i, kà á, kẹ́ ẹ sì tẹ Approve. Ẹnìkan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bínú sí olóòtú pé kò dáhùn, àṣé inú àkáǹtì òun fúnra ẹ̀ ni pépà jókòó sí. Ẹ wò ó bóyá β tàbí ≤ ti di àpótí kékeré òfìfo nínú PDF náà, torí ohun tí olùyẹ̀wò máa rí nìyẹn.

Ní ti pépà tiyín tí wọ́n dá padà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀ nínú àkáǹtì yín. Bó bá jẹ́ Sent Back to Author, wọn ò tíì kọ̀ ọ́, ọwọ́ jọ́nà yẹn ló ṣì wà. Ẹ tún ohun tí lẹ́tà wọn dárúkọ ṣe ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ látojú ibi kan náà tó wà nínú àkáǹtì yín, kì í ṣe kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ tuntun. Bí lẹ́tà náà ò bá la ohun tó ṣe é yé yín, ẹ kọ ìlà méjì sí ọ́fíìsì wọn láti béèrè. Ẹ má sì gbé e lọ sí jọ́nà kejì àfi bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gbà á kúrò lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, tí wọ́n sì fèsì pé àwọn ti fi sílẹ̀.