Ewé Máńgòrò Tó Dúdú Lẹ́bàá Títì: Ṣé Èéfín Ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀bá títì márosẹ̀ nílé wa wà n'Íbàdàn. Ewé máńgòrò iwájú ilé dúdú bí ìdí ìkòkò. Ṣé èéfín ọkọ̀ ni igi yìí ń fi hàn wá? Ọmọ mi ní asimá.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ó lè jẹ́ èéfín, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yí ewé náà padà. Bí kòkòrò funfun kéékèèké bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, tí ewé sì ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ewé náà bu ni, bí búrẹ́dì ṣe máa ń bu. Oje dídùn tí kòkòrò náà ń tọ̀ sílẹ̀ ló fà á. Dúdú yẹn máa ń ṣí bí awọ, kò sì kan ọkọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í mú.

Bí kò bá sí kòkòrò, ẹ wá máńgòrò mìíràn tó jìnnà sí títì dáadáa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí òjò kò rọ̀, ẹ já ewé mẹ́wàá-mẹ́wàá lára igi méjèèjì lọ́jọ́ kan náà: ewé tó ti gbó, tó tóbi bákan náà, tó sì ga tó orí èèyàn. Ẹ fọ ti igi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ nínú ààbọ̀ lítà omi mímọ́, kí ẹ sì fi áńkáṣíìfù funfun sẹ́ ẹ. Dúdú ni ti èéfín. Eruku ọyẹ́ tó ń ti Sàhárà wá máa ń pọ́n rúsúrúsú, orí igi méjèèjì ló sì máa ń bà lé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ fi wọ́n wéra.

Èèpo igi ni mo fẹ́ràn jù ní tèmi, nítorí òjò kì í tètè fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ wo àbàwọ́n aláwọ̀ eérú tó máa ń hù sára rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní “lichen” lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kò ní gbòǹgbò, inú òjò àti afẹ́fẹ́ ló ti ń jẹun, nítorí náà ó sábà máa ń dín kù níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti dọ̀tí. Ní 1866, William Nylander, onímọ̀ nípa ewéko, kọ̀wé pé ó pọ̀ nínú ọgbà Luxembourg ní Paris ju ibòmíràn nílùú náà lọ, ó sì gbà pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló dára jù.

Ṣùgbọ́n ewé kò lè sọ bí èéfín inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó fún yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní eruku tíntìntín tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 5 nínú kúbíìkì mítà kan lọ ní ìpíndọ́gba ọdún kan; ẹ̀rọ ló ń wọn ìyẹn. Nítorí ọmọ yín, ẹ má dúró de igi. Ẹ máa ti fèrèsé tó kọjú sí títì nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá pọ̀, kí ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí yàrá rẹ̀. Ẹ má sì gé máńgòrò náà.