Ìbéèrè Yín: Àyẹ̀wò Ojú àti Etí Ọmọ Nílé Ìwé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, wà ní kíláàsì CI (kíláàsì àkọ́kọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì wá yẹ ojú àti etí wọn wò nílé ìwé, wọ́n sì fi ìwé rán an sílé pé ojú òsì rẹ̀ kò ríran tó, àti pé kí a tún yẹ etí rẹ̀ wò. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ kékeré kì í lo awò, pé yóò ba ojú rẹ̀ jẹ́. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá ọmọ, Kétu)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ìwé yẹn kò sọ pé àrùn wà lára ọmọ. Ohun tó ń sọ ni pé kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ojú àti etí dunjú yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.

Ọ̀rọ̀ ojú òsì yẹn ló ká mi lára jù. Bí ojú kan bá ríran tí èkejì kò rí tó, ọpọlọ ọmọ yóò gbára lé èyí tó dára, yóò sì pa èkejì tì, títí awò nìkan kò fi ní tó tún un ṣe mọ́. Kí ọmọ tó pé ọdún 7 tàbí 8 ni ìtọ́jú rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ jù. Òbí kì í tètè fura, nítorí pé ọmọ tó ń fi ojú ọ̀tún ríran kò ní fẹsẹ̀ kọ, kò sì ní ráhùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bo ojú kan nígbà àyẹ̀wò, tí ọmọ tí kò tíì mọ̀wé yóò dúró ní mítà 6, tí yóò máa fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹnu lẹ́tà E tí wọ́n ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún kọjú sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún bàbá rẹ̀ pé awò tí dókítà ojú bá yàn fún ọmọ kì í ba ojú jẹ́. Àìlò rẹ̀ gan-an ló léwu.

Ní ti etí, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí ló dí i, tàbí omi tó dúró sẹ́yìn ìlù etí lẹ́yìn ọ̀fìnkìn, èyí tó sábà máa ń gbẹ láàárín oṣù 3. Ẹ má ṣe ki ìṣáná tàbí ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́. Bí etí bá ń ṣọyún, ẹ má dúró rárá. Nílé, bí ọmọ bá gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ Yorùbá, yóò fi òye gbé ìyókù. Ṣùgbọ́n èdè Faransé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ní kíláàsì, kò tíì ní òye tí yóò fi gbé e, olùkọ́ á sì rò pé olórí kunkun ni. Ẹ ní kí wọ́n fi í sí ìjókòó iwájú láti ìsinsìnyí. Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ mú ìwé náà dání, kí ẹ sì sọ bóyá ọmọ ti ṣe àìsàn yírunyírun tàbí gba abẹ́rẹ́ kíníìnì rí, nítorí pé méjèèjì lè pa etí lára.