Luss lọ́jọ́ kan: ẹ ṣètò àbọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣètò àlọ

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àlejò o. Ẹ ní ẹ fẹ́ mú màmá tó ti Ìbàdàn wá àti àwọn ọmọ méjèèjì lọ sí Luss, abúlé kan létí adágún Loch Lomond ní Scotland, kẹ́ ẹ wọkọ̀ ní Glasgow láàárọ̀, kẹ́ ẹ padà nírọ̀lẹ́. Ẹ ní ṣé ó ṣe é ṣe láìní mọ́tò, àti pé ṣé kí màmá mú súwẹ́tà dání. Ó ṣe é ṣe dáadáa.

Àlọ kò le. Ẹ lọ sí Buchanan Bus Station, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 926 tó ń lọ Campbeltown tàbí 914 tó ń lọ Fort William. Bíi wákàtí kan ni. Tẹ́ ẹ bá ti ń rí omi lápá ọ̀tún, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Àbọ̀ ni ìyà wà. Àwọn bọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe bọ́ọ̀sì ìlú. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń bọ̀, èrò sì lè ti kún inú wọn kí wọ́n tó dé Luss. Bí àga bá tán, ó tán nìyẹn, awakọ̀ á juwọ́ sí yín, á sì kọjá lọ. Ọkọ̀ mìíràn lè má dé fún wákàtí méjì. Lọ́jọ́ Sátidé tí oòrùn bá ràn, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹni tó wá ṣeré ló máa rántí ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì á ní, "Ẹ máa lọ, ẹ ó rí ọkọ̀." Ẹ má dá a lóhùn. Òun kọ́ ló máa dúró létí títì pẹ̀lú àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn àti ọmọ méjì tí òǹgbẹ ń gbẹ.

Nítorí náà, ẹ ra àga àbọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú aago rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra ti àlọ. Ẹ má mú ọkọ̀ tó kẹ́yìn. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú, kó lè jẹ́ pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọ̀kan ṣì kù. Bẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, ẹ bi awakọ̀ pé ìhà wo ni ti Glasgow ti ń dúró. Ẹ débẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, kẹ́ ẹ na ọwọ́ sókè bẹ́ ẹ bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Bó bá pẹ́, ẹ má kúrò níbẹ̀. Òpópónà A82 tí bọ́ọ̀sì ń gbà há lókè Tarbet, ìyẹn abúlé kan tó wà lókè Luss, ọkọ̀ ńlá méjì tó pàdé ní kọ̀rọ̀ lè dá gbogbo èèyàn dúró, nítorí náà aago inú ìwé kì í fìgbà gbogbo jẹ́ aago ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá ní òun ń lọ ra tíì díẹ̀, òun gan-an ni ọkọ̀ máa ń kọjá.

Bó bá wá já sí òfo, bọ́ọ̀sì 305 wà tó ń lọ Balloch. Kì í pọ̀ lọ́jọ́ Sunday, kì í sì í pẹ́ tó fi ń ṣíwọ́, ẹ wo aago rẹ̀ nílé. Láti Balloch, ọkọ̀ ojú irin ń lọ tààrà sí Glasgow. Kò sí takisí tó ń dúró de èrò ní Luss, nítorí náà ẹ ti fi nọ́ńbà takisí Balloch sínú fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn lórí A82.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ o. Tarbet tí kò ní r kejì wà létí Loch Lomond níbẹ̀, lókè Luss. Tarbert tó ní r méjì wà ní Kintyre, ọ̀nà rẹ̀ jìn gan-an, 926 kan náà ló sì ń dé ibẹ̀.

Ọmọ ọdún 5 sí 21 tó ń gbé ní Scotland ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ káàdì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́. Ti àlejò kò sí nínú ẹ̀.

Abúlé náà kéré, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, màmá á lè rìn ín. Ẹ jẹ́ kó wọ bàtà pẹlẹbẹ, nítorí pákó ni wọ́n fi ṣe èbúté, gìgísẹ̀ bàtà gíga á há sáàárín pákó. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí òkè Ben Lomond, mítà 974, lódìkejì omi. Ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, ọdún 1875 ni Sir James Colquhoun kọ́ ọ ní ìrántí bàbá rẹ̀ tó kú sínú adágún náà ní oṣù kejìlá ọdún 1873. Wọ́n máa ń ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ lè má rí inú rẹ̀ wọ̀.

Ẹ wo bàbá yẹn, ọlọ́lá ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni, omi kò sì mojú ẹnìkan. Ní oṣù keje ọdún 2021, èèyàn mẹ́ta ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítòsí Pulpit Rock, lápá òkè adágún náà. Etí omi lè dà bí ẹni tẹ́jú, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí i, ilẹ̀ ti lọ. Òtútù rẹ̀ a máa gba èémí lójijì, kódà lọ́jọ́ tí oòrùn ń jó èèyàn lórí. Kí àwọn ọmọ máa fi ẹsẹ̀ ṣeré létí, kó má kọjá orúnkún, kí wọ́n má sì fò láti orí èbúté.

Kantíkantí ibẹ̀ ń jẹni láti nǹkan bí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, pàápàá láàárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́, wọn kò lè fò dáadáa, nítorí náà ibi gbangba létí omi ni kẹ́ ẹ ti jẹun, kì í ṣe abẹ́ igi.

Eégbọn ló burú jù, torí ó lè kó àìsàn tí wọ́n ń pè ní Lyme ranni. Inú koríko gíga ló ń gbé. Bó bá gé ọmọ jẹ, ẹ má fi àdí, kẹrosíìnì tàbí iná kàn án, torí ó lè bì sínú ojú ọgbẹ́. Ẹ fi ẹ̀mú tín-ín-rín dì í mú lẹ́bàá awọ ara, kẹ́ ẹ fà á sókè gbọọrọ, díẹ̀díẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ojú ibẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kọ ìwé ìlera á ní kẹ́ ẹ wo òrùka pupa roboto tó jẹ́ àmì àìsàn náà. Lára ta ni? Lára aláwọ̀ dúdú kì í sábà pupa, ó lè dà bí ibi tí wọ́n ti lu èèyàn, tàbí kó kàn dúdú ju ibi yòókù lọ. Ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin ló sábà ń gbà kó tó jáde, ó lè tó oṣù mẹ́ta. Bó bá ń fẹ̀ sí i, tàbí tí ibà àti orí fífọ́ dé, ẹ sọ fún dókítà lẹ́nu kan pé eégbọn ló gé e jẹ. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láìpẹ́ tí wọn kò rí nǹkan kan, kò túmọ̀ sí pé àìsàn náà kò sí níbẹ̀, ẹ padà lọ.

Ti súwẹ́tà màmá: bẹ́ẹ̀ ni, kódà ní oṣù keje, pẹ̀lú ẹ̀wù òjò tó ní fìlà.