Màmá Mi Ń Ké Orúnkún, Ṣé Wọ́n Lè Bá Wa Dé Òkè Olúmọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èbúté Mẹ́ta ni à ń gbé. Èmi, màmá mi àti àwọn ọmọ mi méjì fẹ́ wọ ọkọ̀ ojúirin lọ sí Abẹ́òkúta ní ọjọ́ Sátidé kan, ká ṣe fàájì, ká sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Àwọn ọmọ, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, èkejì ọdún mọ́kànlá, ń pariwo pé inú odò Ògùn làwọn fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Ṣé kí n fi màmá sílẹ̀ ni? Báwo ni ká ṣe to ọjọ́ náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ẹ mú wọn dání, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò tí mò ń mú lọ ló rò pé bí ènìyàn kò bá dé orí téńté Olúmọ, kò tíì rí Olúmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ àpáta, ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ni ìtàn wà. Ohun tó wà lókè ni atẹ́gùn àti ìran ìlú, ó sì dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ àpáta ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí.

Ní 1830 ni Ṣódẹkẹ́, aṣíwájú àwọn Ẹ̀gbá, kó àwọn èèyàn rẹ̀ dé ibẹ̀, lẹ́yìn tí ogun ti tú àwọn ìlú wọn ká nínú igbó Ẹ̀gbá. Wọ́n sùn lábẹ́ àpáta, wọ́n dáná níbẹ̀, wọ́n sì tọ́ ọmọ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ wọ inú ihò náà, kí wọ́n rí bí òrùlé òkúta ṣe súnmọ́ orí. Ẹ ní kí amọ̀nà fi àwọn kòtò kéékèèké hàn wọ́n lórí àpáta, níbi tí àwọn ìyá ti ń lọ nǹkan ọbẹ̀. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan kòtò yẹn kò tún ní gbàgbé ohun tí ogun ń fi ojú ènìyàn rí. Ojúbọ Olúmọ náà wà níbẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ má sì ṣí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún yín.

Àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gbà dé ibẹ̀. Kò le, ṣùgbọ́n kí màmá máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n di ọwọ́ ẹnìkan mú, kí wọ́n sì máa sinmi. Nígbà tí wọ́n tún ọgbà náà ṣe ní 2006, wọ́n ṣe lífítì sí i fún irú wọn. Ẹ béèrè lẹ́nu géètì bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ẹ má gbé ètò yín lé e. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí màmá dúró ní abẹ́ àpáta lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo ihò tán, kí ẹ sì wá ẹnìkan tí yóò jókòó tì wọ́n. Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé mítà 137 ni gíga Olúmọ. Kí àyà yín má já, láti ojú òkun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti ẹnu géètì.

Àwọn ọmọ lè bá amọ̀nà gba àárín àpáta gòkè. Bàtà onírọ́bà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ sì jọ̀wọ́, sísọ̀ ló léwu ju gígùn lọ, nítorí ọmọ tó ti dé òkè tán máa ń fẹ́ sáré wálẹ̀. Kí amọ̀nà ṣáájú, kí ẹ̀yin tẹ̀lé àwọn ọmọ lẹ́yìn. Bí òjò bá rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n má gùn ún rárá. Òkúta tútù máa ń yọ̀. Olúmọ sì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí oòrùn tó mú, torí lọ́sàn-án gangan àpáta máa ń gbóná débi tí ẹ ò ní gbádùn nǹkankan. Ní àsìkò ọyẹ́, ara á tù yín, àmọ́ ìkùukùu eruku lè má jẹ́ kí ẹ ríran jìnnà. Èmi fẹ́ràn oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti ń lọ tí ọyẹ́ kò sì tíì dé.

Láti òkè yẹn, ẹ ó rí òrùlé páànù oníìpẹtà tó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, ẹ ó sì rí odò Ògùn.

Ìyẹn gbé wa dé ọ̀rọ̀ ìlúwẹ̀ẹ́. Rárá o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ inú odò yẹn, ì báà ṣe etí rẹ̀ lásán. Apá Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣàn wá, odò Ọyán sì dà sínú rẹ̀ kó tó dé Abẹ́òkúta. Orí Ọyán yìí ni ìsédò ńlá wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1983. Ní àsìkò òjò, tí ìsédò bá kún, wọ́n gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀, odò lè tipa bẹ́ẹ̀ kún nígbà tí ẹ̀kán òjò kan ò rọ̀ nínú ìlú. Ẹni tó dúró sí etí odò lè rí omi tó dákẹ́ lójú, kó má mọ̀ pé ó ń fà nísàlẹ̀. Àwọn ará Láfẹ́nwá tó ń gbé lẹ́bàá rẹ̀ mọ ohun tí àkúnya omi ti bà jẹ́ fún wọn. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, ẹ dá ọjọ́ mìíràn, kí ẹ mú wọn lọ sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ kan ní Èkó tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti ń ṣọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ fi odò náà hàn wọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ní kí onítakisí gba orí afárá Láfẹ́nwá kọjá, kó rọra rìn. Kí ẹ sọ fún wọn pé omi yìí kan náà ló ń ṣàn lọ sí Akútè, níbi tí Èkó ti ń fa omi sí ilé iṣẹ́ omi Àdìyán, tí ìyókù sì ń lọ dà sínú ọ̀sà tí wọ́n máa ń rí láti orí Third Mainland. Yemọja ni odò Ògùn lójú àwọn olórìṣà. Bí ẹ bá bá àwọn aláṣọ funfun létí omi, ẹ kí wọn, kí ẹ sì kọjá láìya fọ́tò.

Láti Olúmọ, takisí yín tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá yóò gbé yín dé ọjà Ìtòkú kíákíá. Ibí ni màmá yóò ti gbádùn jù, ó dá mi lójú, torí wọ́n á jókòó sí ìsọ̀, aládìrẹ á sì máa tú aṣọ níwájú wọn. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe. Oníko ni wọ́n ń fi okùn dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya nǹkan sí, kí aró má bàa mu ibẹ̀. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, gbogbo àwòrán rẹ̀ á bára mu rẹ́gí láìyẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ṣá ju ojú rẹ̀ lọ. Ti ọwọ́ máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti ojú kan sí òmíràn. Àwọn tó ń lo aró ẹ̀lú gidi ti dín kù, nítorí náà, bí ẹ bá rí i, tí owó sì wà, ẹ rà á. Tí ẹ bá délé, ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀ nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ jẹun nítòsí ọjà: láfún àti ewédú, tàbí ìrẹsì ọ̀fadà.

Bí agbára bá ṣì kù, ẹ dé Aké, kí ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's. Àwọn òyìnbó oníwàásù ti dé ìlú náà láti 1843, nígbà tí Henry Townsend wá. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ará Èbúté Mẹ́ta gan-an. Ní 1867, nígbà tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé, wọ́n ba àwọn ilé ìjọsìn jẹ́ ní Abẹ́òkúta, àwọn òyìnbó sì fi ìlú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ Kristẹni Ẹ̀gbá sá wá sí Èkó, Gómìnà Glover sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Àdúgbò yín kún fún àtọmọdọ́mọ wọn títí di òní. Ẹ tún sọ fún àwọn ọmọ nípa Ẹfúnróyè Tinúubú, tí orúkọ rẹ̀ wà ní Ìta Tinúubú ní Erékùṣù Èkó. Wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856, ó padà sí Abẹ́òkúta, ó wá ohun ìjà fún àwọn Ẹ̀gbá lójú ogun Dàhómì, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde ní 1864.

Àwọn kan á ní kí ẹ dé ilé ìkàwé Ààrẹ Ọbásanjọ́ pẹ̀lú. Ó dára, ẹranko wà níbẹ̀ tí ọmọdé á fẹ́ wò, àmọ́ ẹ má fi kún ti ọjọ́ yìí. Àárẹ̀ á mú màmá lójú ọ̀nà.

Ó ku ti rélùwéè. Mobolaji Johnson tó wà ní Alágomeji ni ẹ ó ti wọ̀ ọ́, kò jìnnà sí yín. Láti oṣù kẹfà 2021 ni ọkọ̀ yìí ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn fún àwọn tó ń sanwó. Ẹ wo àkókò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ, nítorí wọ́n máa ń yí i padà, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ pa pọ̀. Ẹni tó ra àlọ nìkan ní Sátidé lè má rí ijókòó padà. Ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta, tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè, wà ní Láderin, kò sí láàárín ìlú. Ẹ dúnàádúrà pẹ̀lú onítakisí kí ẹ tó wọlé. Mo máa ń gba àwọn tó bá lọ pẹ̀lú àgbàlagbà níyànjú pé kí wọ́n háyà takisí kan náà fún gbogbo ọjọ́, kí awakọ̀ dúró dè wọ́n níbi gbogbo; owó rẹ̀ lé díẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún màmá á dúpẹ́. Kí ẹ kúrò láàárín ìlú ní wákàtí kan àtààbọ̀, ó kéré tán, kí rélùwéè ìrọ̀lẹ́ tó gbéra. Bí ó bá já yín sílẹ̀, ẹ ní kí takisí náà gbé yín lọ sí gáréèjì Kútọ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọkọ̀ Èkó.