Kíka ọjọ́ tí a kò bínú

Ẹ ní ẹ̀ ń ka ọjọ́ tí ẹ kò bínú bí Epictetus, onímọ̀ ọgbọ́n orí Gíríìkì ayé àtijọ́, ṣe kọ́ni, àmọ́ kò ju ọjọ́ kẹta lọ tí ẹ fi máa ń ṣubú. Kíkà yín ló ṣì. Ẹ fẹ́ fò dé 30 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ bàbá náà kò là á kalẹ̀ báyẹn. Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń bínú tẹ́lẹ̀, ó wá di ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì, lọ́jọ́ mẹ́ta, lọ́jọ́ mẹ́rin. Ẹni tó bá pé 30 ọjọ́, kó rúbọ ọpẹ́. Àlàfo tó wà láàárín ìbínú kan sí èkejì ni kí ẹ máa kọ. Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́ lẹ ń bínú tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta yẹn ti kúrò ní kékeré.

Ibi tí mo ti rí i tó ń dàrú jù ni pé àwọn èèyàn ń ka ohun tí kì í ṣe ìbínú mọ́ ọn. Kí àyà máa lù kìkì, kí ojú gbóná, ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Seneca, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Róòmù àtijọ́, náà sọ ọ́ pé ọgbọ́n kò lè dá ìyẹn dúró. Ìgbà tí ọkàn bá gbà pé “Ó rí mi fín, màá fi hàn án” ni ìbínú bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ fún èrò náà pé kó dúró ná, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ lórí WhatsApp ni, ẹ má fèsì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bó bá jẹ́ ojúkojú, ẹ bi ẹni náà pé kí ló ní lọ́kàn gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Lálẹ́, ẹ kọ ìlà kan péré: ọjọ́, ẹni náà, ohun tó sọ, àti ohun tí ọkàn yín sọ kí ẹ tó la ẹnu. Ẹ má fo èyí tó kẹ́yìn yẹn. Bí ìwé náà bá ti kún díẹ̀, ẹ ó rí i pé gbólóhùn kan náà ló ń padà wá. Bí ẹ bá sì pa ẹnu mọ́ tí ẹ di ẹni náà sínú, ẹ kà á mọ́ ìbínú.

Ẹ tún béèrè bóyá èyí kò sọ èèyàn di ẹrú. Epictetus ti ṣe ẹrú rí ní Róòmù, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fa ara yín lé ẹni tó ń kọjá lọ́wọ́, ẹ ó bínú. Kí ló dé tí ẹ fi ń fa ọkàn yín lé ẹnikẹ́ni tó bá bú yín lọ́wọ́? Kò ní kí ẹ má gba ẹ̀tọ́ yín o. Ẹ lè bá onílé dé kóòtù pẹ̀lú ọkàn tútù, ẹ ó sì rántí ọjọ́ tí ẹ sanwó àti iye tí ẹ san ju ẹni tó ń pariwo lọ.